Ẹ̀yin òbí Màkún, kíláàsì áàtì kì í ṣe ààtàn olódo

Lọ́dọọdún, bí èsì ìdánwò àṣekágbá JSS 3 bá ti jáde, ariwo kan náà ló máa ń sọ nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Màkún, ní Ṣàgámù lápapọ̀ àti káàkiri ilẹ̀ Rẹ́mọ. Ọmọ á ní kíláàsì áàtì lòun ń lọ. Bàbá á fárígá, á ní sáyẹ́ǹsì ni, torí pé dókítà lòun ń retí. Ìyá á ní bí sáyẹ́ǹsì bá le jù, kó kúkú lọ sí kọmáṣíà kó lè rí iṣẹ́ báńkì ṣe. Ìyá àgbà tí ọmọ ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, nítorí pé Èkó làwọn òbí ti ń ṣiṣẹ́, á dákẹ́, bẹ́ẹ̀ owó obì tó ń tà ni wọ́n fi ń ra ìwé. Nínú gbogbo àríyànjiyàn yìí, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnì kan béèrè ohun tí wọ́n ń kọ́ ọmọ ní kíláàsì áàtì gan-an.

Mi ò bá yín jà pé ẹ fẹ́ràn dókítà o. Ẹni tó bá ń gbé Ṣàgámù, tó ń rí àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ ìṣègùn nínú aṣọ funfun ní OOUTH, á fẹ́ kí tiẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì náà ti wà níbí láti ọdún 1978, a sì mọ ojú tí àwọn èèyàn fi ń wo ẹnjiníà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín: ta ni Ọlábísí Ọnàbánjọ tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ilé ìwòsàn yẹn? Akọ̀ròyìn ni. London ló ti lọ kọ́ iṣẹ́ ìròyìn, ó padà wálé, ó ń kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn lábẹ́ orúkọ Ayékòótọ́, kó tó wá di gómìnà ìpínlẹ̀ Ògùn ní 1979. Ìjọba rẹ̀ ló dá yunifásítì ìpínlẹ̀ yìí sílẹ̀ ní 1982, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ́ ní 2001. Orúkọ akọ̀ròyìn ló wà lórí ìwé ẹ̀rí àwọn dókítà tí a ń wárí fún.

Bí ẹ bá ní ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni Ọnàbánjọ, kì í ṣe Rẹ́mọ, ẹ jẹ́ ká wálé. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tí wọ́n bí ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1909 ṣiṣẹ́ oníròyìn ní Daily Times ní 1934. Ó gboyè nínú ẹ̀kọ́ ìṣòwò, ó lọ di lọ́yà ní 1946, ó sì dá ìwé ìròyìn Tribune sílẹ̀ ní 1949. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn ní 1955, tí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń ka ojú ìwé yìí jàǹfààní rẹ̀, ẹnu àti gègé ni wọ́n fi kọ́kọ́ jà fún un kí owó tó dé. Táí Ṣólàrín, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ kan náà, tó dá Mayflower sílẹ̀ ní 1956, àwọn ìjọba ológun mọ̀ ọ́n nítorí ohun tó ń kọ. Wọlé Ṣóyínká, Abẹ́òkúta ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n ọmọ Ìṣarà ni bàbá rẹ̀. Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló lọ kà ní Leeds, òun náà ló sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1986. Kò sí ìkankan nínú wọn tó jẹ́ olódo.

Ẹlòmíì á ní àwọn yẹn yàtọ̀, gbogbo ọmọ kọ́ ló máa di Awólọ́wọ̀. Òótọ́ ni. Gbogbo ọmọ tó wọ kíláàsì sáyẹ́ǹsì náà kọ́ ló ń di dókítà, ẹ̀yin náà sì mọ ọ̀pọ̀ tó ṣe JAMB léraléra kí wọ́n tó gbà fún ohun tí wọn ò fẹ́. Iṣẹ́ kò wọ́pọ̀ níta, ì báà ṣe áàtì, ì báà ṣe sáyẹ́ǹsì. Ní ti owó oṣù àwa oníròyìn, ẹ má jẹ́ ká débẹ̀ lónìí.

Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ ni bí àwa fúnra wa ṣe sọ kíláàsì yìí di ààtàn. Ọmọ tó bá gbà máàkì kékeré nínú Ìṣirò, wọ́n á ní kó lọ sí áàtì. Èyí tó ń ṣe ìpátá, áàtì. Èyí tó pẹ́ kó tó san owó, tí àyè ti kún níbòmíì, áàtì náà ni. Kò sẹ́ni tó béèrè bóyá ó mọ ìwé kà. Nígbà tí wọ́n bá ti kó gbogbo wọn jọ tán, olùkọ́ á wọlé pẹ̀lú ọkàn pé àwọn tí ò lè ṣe nǹkan kan ló wà níwájú òun, àwọn ọmọ náà á sì gbà bẹ́ẹ̀. Bí èsì WAEC bá wá burú, a óò ní, "Ẹ ò rí i? Áàtì ni!"

Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ibẹ̀ kò rọrùn. Ní ọdún 2011 tí ìjọba àpapọ̀ gbé ètò ẹ̀kọ́ tuntun wọ SS 1, ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n là sílẹ̀, Humanities ni wọ́n sì pe èyí tí àwa ń pè ní áàtì. Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni òpó ilé rẹ̀: ọmọ máa ka ìwé ìtàn, eré oníṣe àti ewì, á máa ṣàlàyé ìdí tí ẹ̀dá ìtàn kan fi ṣe ohun tó ṣe, á sì kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ewé mélòó kan láàárín wákàtí díẹ̀. Wọ́n máa kọ́ ọ ní Government, ìyẹn bí òfin ìlú, ilé ẹjọ́ àti ìjọba ìbílẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó lè ṣe Ìtàn, ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn Kírísítì tàbí ti Mùsùlùmí, àti Yorùbá. Ẹ má fojú di Yorùbá yìí rárá. Àròkọ wà níbẹ̀, àkọtọ́ wà níbẹ̀, ewì alohùn wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń fọ́nnu pé ilé làwọn ti gbọ́ ọ ló ń fìdí rẹmi nínú rẹ̀. Ọmọ tó bá kórìíra ìwé kíkà, tó kàn fẹ́ sá fún Ìṣirò, yóò jìyà ní kíláàsì áàtì ju bó ṣe máa jìyà níbòmíì lọ. Èyí tó bá ń ka gbogbo bébà tí wọ́n fi di ẹ̀wà wálé, tó ń bi ìyá àgbà léèrè ìtàn Màkún àti ìdí tí ìlú mẹ́tàlá fi para pọ̀ di Ṣàgámù ní 1872, irú ọmọ yẹn ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó lọ.

Ní báyìí, ẹ fetí sí àwọn ibi tí ẹsẹ̀ ti máa ń yọ̀. Ọmọ kan lè wà ní áàtì fún ọdún mẹ́ta kó má ṣe Lítíréṣọ̀, torí pé ilé ẹ̀kọ́ kò ní olùkọ́ rẹ̀, tàbí torí pé ó ní ó le. Ó wá kù ọ̀la tó máa ra fọ́ọ̀mù JAMB, ó ní Law lòun fẹ́ kà. Kò lè ṣeé ṣe. Gẹ̀ẹ́sì àti Lítíréṣọ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ méjì míì ni JAMB ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ di lọ́yà. SS 1 ni ọ̀rọ̀ yẹn ti bàjẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún yín.

Èkejì ni Ìṣirò. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé ọmọ tó bá fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ nínú iṣẹ́ áàtì ní yunifásítì kò nílò kírẹ́díìtì nínú Ìṣirò mọ́. Àwọn ọmọ hó yèè! Kò pẹ́ tí wọ́n fi tún ṣàlàyé pé kò sẹ́ni tó yọ Ìṣirò kúrò, gbogbo ọmọ ṣì gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ fún un kí wọ́n sì ṣe é nínú ìdánwò àṣekágbá. Èyí tí ọ̀pọ̀ kò tíì mọ̀ ni pé Ìṣirò ṣì jẹ́ dandan fún àwọn tó ń lọ sí ẹ̀ka Social Sciences, abẹ́ ẹ̀ka yẹn gan-an sì ni ọ̀pọ̀ yunifásítì fi Mass Communication sí. Ọmọ yín tó ń sọ pé oníròyìn tẹlifíṣọ̀n lòun máa dà, tó wá ti ju ìwé Ìṣirò sẹ́yìn àpótí láti SS 1, ọ̀nà ara rẹ̀ ló ń dí. Ẹ bá mi sọ fún un. Èmi náà ka Mass Communication, mo mọ ohun tí mò ń sọ.

Ti owó ìwé náà wà níbẹ̀. WAEC máa ń pààrọ̀ àwọn ìwé Lítíréṣọ̀ lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Èyí tí wọ́n lò láti 2021 dé 2025 ti parí, nítorí náà kí ẹ tó gba ìwé tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lò, tàbí kí ẹ tó ra tokunbọ̀ lọ́jà, ẹ gba orúkọ ìwé tuntun lọ́wọ́ olùkọ́.

Ẹ má dúró di ọjọ́ ìpàdé PTA, níbi tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ owó àti àga tó kán ló máa ń gba gbogbo àkókò. Ẹ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ náà kí sáà àkọ́kọ́ SS 1 tó dé ìdajì, ẹ mú ọmọ náà dání. Ẹ béèrè ẹni tó ń kọ́ wọn ní Lítíréṣọ̀, kí wọ́n pè é kẹ́ ẹ rí i. Ẹ béèrè iye àròkọ tí wọ́n ti kọ láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n mú ìwé rẹ̀ wá, kẹ́ ẹ wò ó bóyá bírò pupa olùkọ́ ti kàn án. Ẹni tí kò mọ Gẹ̀ẹ́sì kà náà lè rí bírò pupa. Bí wọ́n bá ní kò sí olùkọ́, ẹ sọ fún ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ pé ẹ fẹ́ mọ ọjọ́ tó máa dé, kẹ́ ẹ sì padà lọ lọ́jọ́ náà.