Kí Ọmọdé Fi Ọwọ́ Ara Rẹ̀ Mọ Iwin

Òbí ní Ìlú Ọba tàbí Amẹ́ríkà tí ó bá lọ ra bisikíìtì alára iwin àti àdán fún Halloween, èyíinì ni àṣálẹ́ ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá tí ó ṣáájú àjọ̀dún Gbogbo Ẹni Mímọ́, ti fi ohun tí ó ṣàǹfààní jù nínú àṣà náà du ọmọ rẹ̀. Ọmọ tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ iwin, tí ó fi ṣúgà kùn ún, tí ó sì gé e lórí jẹ, kò ní fi bẹ́ẹ̀ bẹ̀rù iwin mọ́, gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí a ti jẹ́ kí ó di ọmọ-odó mú kì í ta gìrì nígbà tí ariwo odó bá dún. Àwọn ará Mẹ́síkò mọ èyí dájú, nítorí pé ní Ọjọ́ Àwọn Òkú, ọjọ́ 1 àti 2 oṣù Kọkànlá, wọn a máa gbé pan de muerto, búrẹ́dì dídùn roboto tí a ṣe ọnà egungun sí lórí, sórí pẹpẹ ìrántí àwọn ẹbí wọn tí ó ti kú. Iṣẹ́ bisikíìtì kò le: a ó po bọ́tà, ṣúgà, ẹyin àti ìyẹ̀fun pọ̀, a ó sì gbé e sínú fìríìjì kí a tó gé e, nítorí pé bọ́tà tí ó tutù kì í tètè yọ́, àwòrán náà kò sì ní fẹ̀ jù nínú ófùn. Àgbàlagbà nìkan ni kí ó fọwọ́ kan ófùn. Gbogbo ìyókù, títí kan àdán tí ìyẹ́ rẹ̀ wọ́, kí òbí fi í sílẹ̀ fún ọmọ.