Ẹ Wo Abẹ Kí Ẹ Tó Jókòó Fún Ìwo

Ọ̀rọ̀ ìwo ni a fẹ́ sọ lónìí. Kì í ṣe ìwo tí wọ́n ń fun níwájú ọba. Ìwo tí onígbàjámọ̀ fi ń fa ẹ̀jẹ̀ ni.

Ẹ ti rí i lọ́jà. Ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn jókòó sórí àpótí. Onígbàjámọ̀ mú ìwo màlúù tí ó ti lu ihò kékeré sí ṣóńṣó rẹ̀. Ó gbé ẹnu ìwo tó fẹ̀ lé ẹ̀yìn ẹni náà. Ó fi ẹnu fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ láti ojú ihò, ó sì fi ìda dí i. Ìwo lẹ̀ mọ́ ara. Bí afẹ́fẹ́ ti jáde, awọ ara wú, ẹ̀jẹ̀ sì rọ́ wá sábẹ́ rẹ̀. Àwọn kan á dúró níbẹ̀. Wọ́n á yọ ìwo, ó parí. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn á mú abẹ, wọ́n á sín gbẹ́rẹ́ sójú ibẹ̀, wọ́n á tún gbé ìwo lé e. Lẹ́ẹ̀kejì yìí, ẹ̀jẹ̀ ni ìwo ń fà.

N kò wá bú onígbàjámọ̀. Àwọn kan ka ìwé díẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi iṣẹ́ àwọn baba ṣe ẹlẹ́yà. Èmi kò sí nínú wọn. Iṣẹ́ ìwo ti pẹ́ láyé. Àwọn oníṣègùn Gíríìkì àtijọ́ ṣe é, àwọn ará Ṣáínà ṣe é. Àwọn àlùfáà wa ní Àjàṣẹ́ àti ní Kétu mọ̀ pé Ànábì Mùhámádù fúnra rẹ̀ gba ìwo, ó sì san owó fún ẹni tó ṣe é fún un. Híjámà ni Lárúbáwá ń pè é. Ní ọdún 2016 pàápàá, nígbà ìdíje Òlíḿpíìkì ní Rio de Janeiro, gbogbo ayé rí àmì róbótó pupa lára Michael Phelps, òmùwẹ̀ Amẹ́ríkà. Ìwo ló gbà. Ẹni tí ọrùn tàbí ẹ̀yìn ń dùn lè rí ìtura díẹ̀ níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Ìwo tí kò ní abẹ nínú, èmi kò bá a jà.

Abẹ ni mo bá wá, àti ọ̀rọ̀ ọmọdé.

Ẹ ó sọ fún mi pé: «Ṣùgbọ́n a fi ojú wa rí ẹ̀jẹ̀ burúkú náà. Ó dúdú, ó sì dì bí ẹ̀kọ.» Òótọ́ ni, ó dúdú, ó sì dì. Ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè. Nígbà tí ẹ bá pa ewúrẹ́ fún ìnáwó, tí ẹ gbe ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sínú igbá, báwo ni ó ṣe ń rí tó bá pẹ́ díẹ̀? Ó ń dúdú, ó ń dì. Ṣé ewúrẹ́ náà ń ṣàìsàn ni? Ewúrẹ́ tó ń gun ògiri láàárọ̀ yẹn! Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣe nìyẹn bí ó bá kúrò nínú iṣan. Bí kò bá ń dì ni, ẹni tí ọkọ́ ṣá lẹ́sẹ̀ lóko ì bá máa ṣẹ̀jẹ̀ títí yóò fi kú. Èyí tí ìwo fà jáde àti èyí tó kù lára, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ìwo kò lè ṣa ẹ̀jẹ̀ burúkú kúrò nínú èyí tó dára, bí ìyàwó ilé ti ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà.

Àgbàlagbà ní ẹ̀jẹ̀ bíi lítà 5 lára. Bí ìwo bá fa díẹ̀, ara rẹ̀ yóò dá a padà. Ọmọ tó wọn kílò 10 ńkọ́? Gbogbo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò pé lítà 1. Ẹ gbé ìgò epo oní-lítà kan síwájú yín, kí ẹ wò ó dáadáa. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ yín kò lè kún un. Ohun tó jẹ́ díẹ̀ lára baba, ó ti pọ̀ jù lára ọmọ.

Nígbà wo sì ni a máa ń gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ oníwo? Nígbà tí ara rẹ̀ bá gbóná, tí ojú rẹ̀ ń yí, tí wọ́n ní gìrì mú un. Lọ́dọ̀ tiwa, ibà tí ẹ̀fọn ń kó ran ni ló sábà máa ń wà nídìí rẹ̀. Kòkòrò ibà yìí a máa wọ inú ẹ̀jẹ̀, a máa jẹ ẹ́ láti inú, a sì máa bà á jẹ́. Ìdí nìyẹn tí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ fi ń funfun, tí inú ìpéǹpéjú rẹ̀ ń funfun, tí ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń tán lọ. Ìgbà yẹn ni a wá mú abẹ, tí a tún ń fa nínú ìwọ̀nba tó kù! Ẹ̀yin ìyá, bí iná bá ń jó abà, ṣé a máa ń ru omi inú ìkòkò lọ dà sígbó? Ní ilé ìwòsàn, ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbà níka ọmọ láti mọ̀ bóyá ibà ni. Ibẹ̀ ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Aboyún pẹ̀lú, kí ó jìnnà sí abẹ. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni oyún inú rẹ̀ fi ń dàgbà.

Ẹ wá gbọ́ ti abẹ fúnra rẹ̀. Mo ti dúró lọ́jà kan, mo rí abẹ kan náà tí ó ṣe ẹ̀yìn ènìyàn mẹ́rin kí oòrùn tó kan àtàrí. Aṣọ kan náà ni wọ́n ń nù ún mọ́. Àrùn ẹ̀dọ̀ kan wà tí àwọn dókítà ń pè ní ẹpatíìtì B. Kòkòrò rẹ̀ lè wà láàyè fún ọjọ́ 7 lójú abẹ tí ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sí. Ọjọ́ 7 ju ọrún lọ. Ẹni tó gba ìwo lọ́jà òní lè fi àrùn sílẹ̀ de ẹni tí yóò wá lọ́jà tó ń bọ̀. Ẹni tó ní àrùn náà lè sanra, kí ó máa roko, kí ó máa jó. Ẹ kò lè fi ojú mọ̀ ọ́n. Àrùn sídà náà ń gba ojú ẹ̀jẹ̀ wọlé, ọdún 1983 ni àwọn onímọ̀ ti rí kòkòrò rẹ̀. Onígbàjámọ̀ fúnra rẹ̀ kò yọ sílẹ̀: ẹnu rẹ̀ ló fi ń fa ìwo.

Àwọn kan ní àwọn ń da sódàbì sí abẹ. Sódàbì dára fún àlejò. Kò tó fún abẹ.

Bí ejò bá bu ènìyàn jẹ lóko ńkọ́? Wọ́n á sáré là á, wọ́n á gbé ìwo lé e kí ó fa oró. Oró ti wọlé lọ, ìwo kò bá a mọ́. Oró àwọn ejò kan bíi paramọ́lẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ẹni tí a bá là lára lẹ́yìn irú oró bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè má dá. Ẹ má là á, ẹ má fà á. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ náà dúró jẹ́ẹ́, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó ní abẹ́rẹ́ oró ejò.

Àwọn kan ní kí a lé àwọn onígbàjámọ̀ kúrò lọ́jà. N kò gbà. Bí a bá lé wọn, wọn yóò wọ inú ilé lọ ṣe é, ojú wa kò sì ní tó abẹ mọ́. Kí wọ́n wá bá wa kàwé lálẹ́ bí àwọn yòókù. Kí oníbàárà kọ̀ọ̀kan san owó abẹ tirẹ̀ mọ́ owó ìwo. Abẹ kan kò wọ́n. Kí ó ní ìwo tirẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn ń há sínú ìwo, fífọ̀ kò sì mú un kúrò tán. Kí a ju abẹ tí a ti lò sínú agolo onídèérí, kí ọmọdé má baà tẹ̀ ẹ́. Onígbàjámọ̀ tí ó bá kọ̀ láti tú abẹ tuntun kúrò nínú bébà rẹ̀ lójú yín, ẹ dìde kúrò lórí àpótí rẹ̀.