Ọwọ́ Ọmọdé Kò Tó Pẹpẹ: Ọmọ Wo Ni À Ń Bá Wí?

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Kò sí ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá láàrin wa tí kò mọ òwe yìí, mo sì mọ̀ pé bí ẹ̀yin òǹkàwé ti rí i ni ọ̀pọ̀ yín ti ń sọ nínú ara yín pé, ‘Eléyìí tún gbé òwe ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé.’ Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ fún mi. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò nínú rẹ̀ kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ: ọmọdé. Àwọn baba wa kò wí pé ọwọ́ ọmọbìnrin. Èdè tí ó fi ‘ó’ kan ṣoṣo pe akọ àti abo ni à ń sọ, òwe rẹ̀ yìí náà kò sì yà wọ́n sọ́tọ̀. Báwo wá ni ó ṣe jẹ́ pé bí ilẹ̀ bá ti mọ́ ní ọ̀pọ̀ ilé, ọmọ kan ni a óò jí pé kí ó wá gbálẹ̀, tí a óò sì fi èkejì sílẹ̀ lórí ẹní?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò fara sin. Kí a máa pín iṣẹ́ ilé fún gbogbo ọmọ láti kékeré, lọ́kùnrin lóbìnrin, bí agbára wọn bá ti mọ. Bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, kì í ṣe pé ilé yóò dọ̀tí. Ilé kì í dọ̀tí. Ẹnìkan ni yóò máa ṣe iṣẹ́ ẹlòmíràn mọ́ tirẹ̀, ẹni náà ni yóò sì san gbèsè rẹ̀ ní ọ̀nà tí a kò ní tètè rí.

Mo mọ ẹni tí ó san án ní ilé tiwa. Àwa mẹ́ta ni ìyá wa bí: ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí ó fi ọdún méjì jù mí lọ, èmi, àti àbúrò wa ọkùnrin tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ nísinsìnyí. Ìlú mìíràn ni bàbá wa ti ń ṣiṣẹ́. Èlùbọ́ ni ìyá wa ń tà. Kí wọ́n tó ti ọjà dé, ilẹ̀ á ti ṣú. Ẹ̀gbọ́n mi ni ó ń pọn omi, òun ni ó ń lọ ata, òun ni ó ń ro àmàlà, òun náà ni ó ń fọ ìkòkò nígbà tí a bá jẹun tán. Nígbà tí a bí àbúrò wa, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọmọ náà ń sùn sí. Kí ni èmi ń ṣe? Mo ń kàwé. Bí mo bá yọjú sí ìdí ààrò, ìyá àgbà wa a ní, ‘Ọkùnrin, kí lo ń wá níbẹ̀? Lọ gbé ìwé rẹ.’ Kí n má purọ́, kò dùn mí rárá nígbà náà. Gbogbo ilé ni ó ń wí pé orí mi pé, èmi náà sì gbà wọ́n gbọ́.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ ṣe ìdánwò WAEC, ẹ̀gbẹ́ ààrò yẹn náà ni ó ń ṣí ìwé sí. Ìwé báyọ́lọ́jì kan wà tí mo jogún lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ọdún méjì. Epo ti ta sí i káàkiri. Ní ibì kan, horo ata ti gbẹ mọ́ àwòrán ọkàn ènìyàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kà á kọjá ìdajì, àwọn ewé rẹ̀ mọ́ tónítóní: kò sí epo, kò sí ata, kò sí ìlà kan tí ó fà sí abẹ́ ọ̀rọ̀. Kò ráyè dé ibẹ̀. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni ó fẹ́ ṣe, èsì ìdánwò rẹ̀ kò sì gbà fún un. Aránṣọ ni lónìí, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ níṣẹ́ náà. N kò fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń wí pé orí tèmi pé ju tirẹ̀ lọ, kí ó wá wo ìwé yẹn.

Àwọn kan yóò sọ pé àṣà wa ni. Èyí ni ó ń bí mi nínú jù lọ, nítorí àṣà wà lára ohun tí a wá kọ́ ní ẹ̀ka wa yìí, kò sì yẹ kí a máa wo ẹni tí ó ń fi orúkọ rẹ̀ bo ìwà ọ̀lẹ mọ́lẹ̀. Ta ni ó ń dáná fún àwọn baba wa ní ahéré nígbà tí àwọn ìyàwó wọn wà nílé? Bàbá tí ó bí bàbá mi a máa lo ọ̀sẹ̀ méjì lóko kòkó. Wọn a se iṣu, wọn a fọ aṣọ ara wọn, wọn a sì gbá iwájú ahéré. Bí wọ́n bá ti wọ ìlú, wọn kò mọ ibi tí ìgbálẹ̀ wà mọ́! Ẹ tún wo ọmọkùnrin tí a fi sẹ́nu iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ tàbí mẹkáníìkì: yóò gbá ilé ọ̀gá, yóò pọn omi fún ọ̀gá, yóò fọ aṣọ ọ̀gá, kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé ó ti di obìnrin. Ilé ìyá tí ó bí i lọ́mọ nìkan ni kò ti gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọwọ̀. Àwa náà kọ́ ni a ni àáró? Àwọn ẹgbẹ́ a pé sí oko ẹnìkan lónìí, wọn a pé sí ti ẹnìkejì lọ́la, títí yóò fi kárí. Ènìyàn tí ó ń ṣe àáró lóko, kí ni ó dé tí kò lè ṣe é nílé?

Ìwé náà dá kún un. Kí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1955, ọmọkùnrin púpọ̀ ń tẹ̀lé bàbá lọ sóko, ọmọbìnrin ń tẹ̀lé ìyá, kálukú sì ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Ilé-ìwé gba ọmọkùnrin kúrò lóko, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n a kò fún un ní iṣẹ́ mìíràn dípò rẹ̀. Ọmọbìnrin ni ó gba ìwé kún iṣẹ́ tí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Gbogbo wa ni a jọ ké ewì olóògbé J. F. Ọdúnjọ lórí iṣẹ́ ṣíṣe, èyí tí ó wà nínú Aláwìíyé. Bí a bá ké e tán, tí a sì délé, àwa kan a lọ gbá bọ́ọ̀lù, àwọn tí ó kù a lọ fọ abọ́.

Àwọn olówó ní ọ̀nà tiwọn. Wọn a lọ mú ọmọ ọlọ́mọ wá láti abúlé kí ọmọ tiwọn lè máa wo tẹlifíṣọ̀n. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 ka gbígba ọmọdé ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ lẹ́yìn ilé tàbí ẹbí rẹ̀ léèwọ̀, ó sì fi àyè sílẹ̀ fún iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ lọ́dọ̀ ẹbí ọmọ fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ yìí ni mò ń bá wí o, kì í ṣe kí a di igbá ọjà ru ọmọ ọdún méje.

Báwo ni a óò ṣe bẹ̀rẹ̀? Àwọn ìyá wa àtijọ́ mọ̀ ọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́rin a tẹ̀lé wọn lọ sódò pẹ̀lú akèrègbè kékeré. Omi inú rẹ̀ lè má tó bọ́jú, ṣùgbọ́n òun náà ti pọn omi, wọn a sì kí i kú iṣẹ́. Ọmọ ọdún márùn-ún lè ṣa ẹ̀wà. Ọmọ ọdún méje lè gbá yàrá, kí a má sì gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé kò mọ́ tó. Èyí ni ó ń ṣòro fún àwọn òbí jù: a fẹ́ kí iṣẹ́ tètè tán, nítorí náà a ń fi ṣe ẹni tí ó ti mọ̀ ọ́n ṣe. Ọmọ ọdún méjìlá, ta ni ó ní kò lè se ìrẹsì? Ohun mìíràn tí ó ń bà á jẹ́ ni pé a ti sọ iṣẹ́ di ìyà. Ọmọ pẹ́ dé ilé-ìwé, ẹ ní kí ó lọ ṣán koríko. Ó bú ẹnìkejì rẹ̀, ẹ ní kí ó lọ fọ ilé ìtọ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà irú èyí, ẹ óò wá sọ fún un pé iṣẹ́ dára?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi lọ́kùnrin, ẹ jẹ́ kí a wo ara wa. Mo ní ọ̀rẹ́ kan (n kò dárúkọ) tí ó ń di aṣọ ìdọ̀tí sínú àpò ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, tí ó ń wọ mọ́tò lọ sílé kí àbúrò rẹ̀ obìnrin lè bá a fọ̀ ọ́. Owó ọkọ̀ rẹ̀ ju owó ọṣẹ lọ! Àbúrò náà ń múra ìdánwò lọ́wọ́. Mo ti sọ ọ̀rọ̀ ìwé báyọ́lọ́jì fún un. Ó ní mo ti ń ṣe bí òyìnbó.

Ní ìsinmi tí ó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi pé òun ti ra fọ́ọ̀mù ìdánwò WAEC ti àwọn tí kò sí nílé-ìwé mọ́. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà nílé, èmi ni mo ń ro àmàlà. Ti ọjọ́ kìíní ní kókó púpọ̀, ìyá àgbà wa sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, ṣùgbọ́n wọ́n jẹ ẹ́. Àbúrò wa ń fọ abọ́. Ẹ̀gbọ́n mi a jókòó sí yàrá pẹ̀lú ìwé náà. Láti ibi tí epo pin sí ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Abọ́ méjì ni àbúrò wa fọ́ kí n tó padà sí ilé-ẹ̀kọ́.