Àtúnṣe Fọ́tò Àtijọ́ Kò Gbọdọ̀ Di Irọ́

Bí àgbà bá pa ipò dà nílẹ̀ Yorùbá, ọ̀kan nínú ohun àkọ́kọ́ tí àwọn ọmọ máa ń wá ni fọ́tò tí wọn yóò fi sójú ìwé ètò ìsìnkú. Lóde òní, inú fóònù tàbí kámẹ́rà àtijọ́ ni irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ sábà máa ń wà: ó ṣókùnkùn, ó sì ṣe hóró-hóró. Ayàwòrán a gbà á, a gbé e sínú ètò kọ̀ǹpútà tuntun. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ojú olóògbé a máa dán bí ojú ọ̀dọ́. Ẹbí a pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ojú ta ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún?

Àtúnṣe fúnra rẹ̀ kò burú. Kámẹ́rà tó bá fi fọ́tò pamọ́ ní ọ̀nà RAW ń tọ́jú ohun tí ojú rẹ̀ gbà láìtíì sè é. Nítorí náà, ètò tuntun lè fa ohun tí ètò àtijọ́ kò rí yọ nínú fọ́tò ọdún 2008. Ní oṣù kẹrin ọdún 2023, Adobe fi irinṣẹ́ tó ń mú hóró-hóró kúrò nínú fọ́tò RAW kún Lightroom. Fáìlì tuntun ni irinṣẹ́ náà ṣe jáde. Kò fọwọ́ kan ti àtijọ́. Iṣẹ́ gidi nìyẹn.

Ti JPEG yàtọ̀. Kí fáìlì lè kéré, ó ti da apá kan àwòrán nù, ó sì tún lè dà sí i nígbàkigbà tí wọ́n bá tún un ṣe tí wọ́n sì tún un fi pamọ́. Ohun tí kò sí nínú fáìlì, ètò kankan kò lè hú u jáde, àfi kí ó fi àbá ara rẹ̀ dí àlàfo náà. Ibẹ̀ ni irọ́ ti ń wọlé.

Ní ọdún 2020, wọ́n fún PULSE, ètò tí àwọn olùwádìí Yunifásítì Duke ní Amẹ́ríkà ṣe, ní fọ́tò Barack Obama tí kò hàn kedere. Ojú aláwọ̀ funfun ni ó gbé jáde. Kí ni irú ètò bẹ́ẹ̀ yóò ṣe sí àbàjà tàbí pélé? Irinṣẹ́ tó ń dán awọ ojú kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ilà ìdílé àti àpá ọgbẹ́. Ọmọ-ọmọ tí a kò tíì bí yóò máa kí ojú tí bàbá àgbà rẹ̀ kò ní rí.

Àwọn kan ń sọ pé ẹwà ni ẹbí ń fẹ́, òkú kò sì ní bínú. Òótọ́ ni pé òkú kò lè bínú. Ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn tó fi yẹ kí alààyè ṣọ́ ojú rẹ̀ fún un.

Kí ayàwòrán sọ fún ẹbí ohun tó ti inú fáìlì wá àti ohun tí ẹ̀rọ fi kún un. Kí ẹbí fi fáìlì àkọ́kọ́ pamọ́ síbi méjì, kí ẹnikẹ́ni má ṣe pa á rẹ́ nítorí pé tuntun dé. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ètò tuntun láṣọ lóòótọ́. Inú fáìlì àtijọ́ ni àkísà wà.