Ta Ló Ṣílẹ̀kùn Fún Un?

Ẹni tí ọlọ́pàá ń wá kì í tíì jìnnà tí gbogbo ìlú fi máa ń mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Nídìí tábìlì oníwèé ìròyìn ní Orílé-Ìganmú l'Ékòó, níbi tí wọ́n ti fi òkúta tẹ ìwé mọ́lẹ̀ kí atẹ́gùn ọkọ̀ má bàa gbé e lọ, àwọn tó dúró kàwé ọ̀fẹ́ á ti máa jiyàn: ṣé orí rẹ̀ pé? Àbí wọ́n rán an ni? Ṣé igbó ló ń ṣe é? Àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò á gbà á lẹ́nu wọn, ilẹ̀ á sì ṣú lé e lórí. Ta ló ṣílẹ̀kùn fún un? Ìyẹn ni wọn kì í béèrè.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ Sunday Shodipe. Ọmọ ọdún 19 ni nígbà tí àwọn ọlọ́pàá Ọ̀yọ́ fojú rẹ̀ hàn ní oṣù Keje ọdún 2020 pé òun ni àwọn fura sí lórí ìpànìyàn tó ń ṣẹlẹ̀ léraléra ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, n'Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹjọ, ó sá mọ́ wọn lọ́wọ́ ní àgọ́ ọlọ́pàá Mókọ́lá. Ọjọ́ 12 gbáko ni àwọn ẹbí tí wọ́n pa èèyàn wọn fi ń ti ilẹ̀kùn mọ́rí ní ọ̀sán gangan. Àwọn aráàlú ń sọ̀rọ̀ àfẹ́ẹ̀rí, wọ́n ń sọ̀rọ̀ egbé. Nígbà tí wọ́n tún mú un ní Bódìjà ní ọjọ́ 23, òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́: wọ́n ní kó lọ wẹ̀ ni, ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹnìkan ló mú un jáde. Ta ni?

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti adigunjalè Lawrence Anini ní Benin lọ́dún 1986. Wọ́n ní ọta kì í wọ̀ ọ́ lára. Wọ́n sọ ọ́ di olùgbèjà tálákà, torí pé ó ń da owó sáàárín ọjà. Babangida, olórí ìjọba ológun ìgbà náà, pàápàá bi ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá, Etim Inyang, léèrè pé níbo ni Anini wà. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá, ọta wọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀, wọ́n sì gé ẹsẹ̀ náà. Oògùn tó ń lò ni George Iyamu, ọ̀gá ọlọ́pàá tó ń ta á lólobó. Wọ́n yìnbọn pa òun náà ní 1987.

Àwọn kan á ní ó yẹ ká mọ ohun tó ń ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ó yẹ. Kí wọ́n mú un ná, kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, kí adájọ́ gbọ́ ti dókítà. Ẹni tí a kò rí, ta ló lè yẹ orí rẹ̀ wò?

Ẹlòmíràn ló sì ń fi ẹ̀mí san gbèsè ìsọkúsọ yìí. Bí wọ́n bá ti pariwo "wèrè ni" lórí rédíò, alárùn ọpọlọ tó ń sùn lábẹ́ afárá ni wọ́n á lọ bá. Wọ́n á tú àpò rẹ̀. Bí wọ́n bá rí fóònù tó ti kú, ajínigbé ti dé nìyẹn, wọ́n á wá táyà lọ. N'Íkòròdú ní 2017, nígbà tí ìbẹ̀rù ẹgbẹ́ apànìyàn Badoo gbòde, wọ́n pa aláwàdà kan àti àwọn tó bá a rìn. Wọn kì í ṣe Badoo! Láti 1907 ni ilé ìwòsàn ọpọlọ ti wà ní Yábàá, kò jìnnà sí Ìganmú rárá. Òfin ìlera ọpọlọ tuntun ti wà láti oṣù Kìíní ọdún 2023. Alárùn mélòó ni àwọn aláriwo yìí mú dé ilé ìwòsàn náà rí?

Bí afurasí bá tún sá lọ́la, kí àwọn oníròyìn pe kọmíṣánnà ọlọ́pàá, kí wọ́n bi í pé ta ló wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Kí wọ́n má gba ọ̀rọ̀ orí ẹnikẹ́ni gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ títí yóò fi dárúkọ.