Ilẹ̀ Títẹ́jú Ni Kí Ẹ Rà

Ẹni tó bá ti gba Arámọkọ dé Èrìjìyàn-Èkìtì, tó sì forí lé Ìkógòsì, tàbí tó ti wọ Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè rí, mọ̀ pé ọ̀nà apá ibẹ̀ kì í tẹ́jú pẹ́. A ò tíì sọ̀kalẹ̀ tán tá a tún fi ń gùn. Síbẹ̀, ohun tí wọ́n fi ń polówó ẹ̀rọ ìrìn, èyí tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí treadmill, kò ju méjì lọ: bó ṣe ń sáré tó, àti bó ṣe lè gbé iwájú sókè bí òkè. Kí ni ọmọ Èrìjìyàn fẹ́ fowó ra òkè ṣe? Tèmi ni pé ohun kan ṣoṣo tí ẹ̀rọ yìí lè fún wa tí Ọlọ́run ò ti fún wa lọ́fẹ̀ẹ́ ni ilẹ̀ títẹ́jú. Ẹni tó bá sì mọ èyí, ẹ̀rọ tí yóò rà máa yàtọ̀.

Ní 1996, àwọn onímọ̀ méjì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Andrew Jones àti Jonathan Doust, ṣèwádìí lórí agbára tí àwọn sárésáré ń ná lórí ẹ̀rọ àti lórí títì. Wọ́n rí i pé ó yẹ kí iwájú ẹ̀rọ ga ní ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún kó tó bá ìta tó tẹ́jú dọ́gba, torí pé atẹ́gùn kì í dojú kọ ẹni tó ń sáré lójú kan. Ọ̀nà gidi ni ẹ̀rọ ń sín jẹ. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2020 pé kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ ṣe ìdárayá tó mú èémí yá. Ẹni tí ara rẹ̀ le kò nílò iná mànàmáná fún ìyẹn. Kó rìn kánkán gun òkè kan, àyà rẹ̀ á sọ fún un pé iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó gùn ún yóò sọ̀kalẹ̀, ibẹ̀ ni wàhálà wà. Nínú ìsọ̀kalẹ̀, iṣan itan ló ń ṣe bíréèkì, orúnkún sì ń ru ìwúwo ara ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí làkúrègbé mú lórúnkún, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbádùn lọ́wọ́ rọpárọsẹ̀, àgbàlagbà tí òòyì ń kọ́: àwọn wọ̀nyí kò lè yan ìgòkè kí wọ́n fi ìsọ̀kalẹ̀ sílẹ̀. Ẹnì kan á ní pápá ilé-ìwé ńkọ́, ṣebí ó tẹ́jú. Ó tẹ́jú lóòótọ́, àmọ́ òjò ń rọ̀ síbẹ̀, òkúta wà níbẹ̀, kò sì sí irin kankan láti dì mú.

Nítorí náà, ẹ má bi ọlọ́jà pé eré tó pọ̀ jù lọ tó lè sá ńkọ́. Èyí tó kéré jù ni kí ẹ bi í. Kó lè bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi kìlómítà kan ní wákàtí. Kí irin ìdìmú rẹ̀ gùn, kí àtẹ̀gùn rẹ̀ má ga, kó sì ní kọ́kọ́rọ́ olókùn tá a ń fi há aṣọ, tó ń dá a dúró bí èèyàn bá ṣubú. Ẹ̀rọ tí kì í lo iná, tí wọ́n máa ń sọ pé òun ló bá Nàìjíríà mu, kò yẹ àgbàlagbà: ọ̀pọ̀ nínú wọn ló dagun, ẹsẹ̀ ẹni ló sì ń ti bẹ́líìtì rẹ̀. Òkè tá a sá fún nìyẹn.

Iná gan-an ni àtakò tó lágbára jù. Ẹ̀rọ tí agbára mọ́tò rẹ̀ jẹ́ horsepower 2 lè gba nǹkan bíi wáàtì 1,500, jẹnẹrétọ̀ kékeré tá a ń pè ní "I better pass my neighbour" kò sì tó 1,000. Bí BEDC, ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná fún wa, bá mú iná lọ lójijì, bẹ́líìtì á dúró. Ẹni tó ń rìn jẹ́ẹ́ tó di irin mú kò ní ṣubú, ẹni tó ń sáré lè fojú gbolẹ̀. Àmọ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé kan náà ti gbà pé bó ti wù kí ìdárayá kúrú tó, ó kà. Kí ìyá àgbà má fi aago sí i. Ìgbà tí iná bá dé ni kó gùn ún, ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárọ̀, mẹ́wàá nírọ̀lẹ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n bá kó láti Amẹ́ríkà sì ń lo volt 120, tiwa jẹ́ 230, àfi kí wọ́n fi tiransifọ́mà tó lágbára kún un.

Àwọn kan á ní àwọn baba wa kò ní ẹ̀rọ, wọ́n sì dàgbà. Oko ni wọ́n fẹsẹ̀ rìn lọ, ọ̀kadà ló ń gbé wa lọ báyìí. Mi ò tilẹ̀ gbèjà ẹni tí ara rẹ̀ le. Kó gba ìta lọ. Ibi tí mo ti juwọ́ sílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rù. Láti ìgbà tí àwọn ajínigbé ti kó ọmọ ilé-ìwé ní Emùré-Èkìtì lóṣù Ṣẹ́rẹ́ 2024, mi ò lè sọ fún obìnrin tó ń ti ṣọ́ọ̀bù ní ìrọ̀lẹ́ pé kó lọ rìn lójú títì. Òun náà lè rà á.

Ewu wà nínú ilé pẹ̀lú. Ní 2021, ilé-iṣẹ́ Peloton pe nǹkan bí 125,000 ẹ̀rọ ìrìn rẹ̀, Tread+, padà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn tí ọmọ ọdún mẹ́fà kan kú sí i. Ilé tí ọmọ-ọmọ kún, bí ìyá àgbà bá ti sọ̀kalẹ̀, kó yọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kó fi pa mọ́. Kí ọmọ tó wà ní Houston, tó fẹ́ ra ẹ̀rọ ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ nílé, tó náwó, kó bi ìyá rẹ̀ bóyá orúnkún máa ń dùn ún bó bá ń sọ̀kalẹ̀. Bí kò bá dùn ún, bàtà tó dáa ni kó fi ránṣẹ́.