Ẹ YÉ PE Ọ̀RỌ̀ ỌTÍ NÍ ÈPÈ ÌDÍLÉ

Ọ̀rọ̀ yìí lè má dùn mọ́ àwọn kan nínú, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bínú.

Bí ọmọ bá ń mutí bíi bàbá rẹ̀, kí là ń sọ? A ó ní èpè ìdílé ni. Tàbí ká ní ìyàwó ló lé e dé ìdí ògógóró. Irọ́ ni! Ní 1973, Donald Goodwin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde láti Denmark. Àwọn ọmọkùnrin tí òbí wọn jẹ́ ọ̀mùtí, tí ẹlòmíràn sì ti gbà tọ́ láti kékeré, ni wọ́n yẹ̀ wò. Wọn ò bá ọ̀mùtí náà gbé, síbẹ̀ àwọn tí ọtí dè mọ́lẹ̀ nínú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin ti àwọn ọmọ àgbàtọ́ yòókù. Ṣé àwọn ará ilé bàbá wa ló lọ ṣépè fún wọn ní Denmark ni?

Àjogúnbá wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdajì ọ̀rọ̀ náà ni. Ìyókù wà lọ́wọ́ ilé, ọ̀rẹ́ àti bí ọtí ṣe súnmọ́ni tó. Kò dà bí SS. Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó lè sọ ẹni tí yóò di ọ̀mùtí, nítorí náà ẹ má torí bàbá ọmọ tú ìgbéyàwó ọmọ ká.

Èyí tó ń bí mi nínú jù rèé. Ní òde ìnáwó, ẹni tó mu ìgò mẹ́fà tí ojú rẹ̀ kò yí, òun là ń yìn ní ọkùnrin! Ẹ gbọ́ o: Marc Schuckit ní Amẹ́ríkà tẹ̀lé àwọn ọ̀dọ́kùnrin fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì rí i pé àwọn tí ọtí kì í tètè pa gan-an ni ewu rẹ̀ pọ̀ fún jù. Ara wọn kì í sọ fún wọn pé ó tó. Ó sì wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọmọ ọ̀mùtí. Ẹ̀yin bàbá tí ẹ ń fún ọmọ ọdún mẹ́wàá ní ìsàlẹ̀ ife, tí ẹ tún ń rán an lọ ra ọtí inú ọ̀rá, irú ọmọ wo lẹ mọ̀ pé ó jẹ́?

Ẹ̀yin ìyá, bí ẹ ṣe ń sọ fáwọn ọmọ pé ẹ̀jẹ̀ ríru wà nílé wa, ẹ sọ ti ọtí náà fún wọn. Ẹ má fi bò.

Ẹni tó sì ti ń mu ún lójoojúmọ́ látọjọ́ pípẹ́, ẹ má tì í mọ́lé pé kó jáwọ́ lójijì. Ara rẹ̀ lè máa gbọ̀n, gìrì lè mú un, ó sì lè kú. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ. Ti Aro ní Abẹ́òkúta àti ti Yàbá ní Èkó ń tọ́jú irú wọn.